Aago 4 ìdájí kọ́ ni wàhálà ẹ, aago 11 alẹ́ ni

Tíṣà kan n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí nílé ìwé aládàáni, Àpáta ni mò ń gbé, ọmọ méjì, ọdún 7 àti ọdún 4. Owó oṣù ò ká nǹkan kan mọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í se mọ́ínmọ́ín fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ àtàwọn aládùúgbò, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀. Gbogbo èèyàn ní kí n máa jí ní aago 4. Aago 11 ni mo máa ń sùn, 6:20 ni mo máa ń jáde nílé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta mo sùn lọ sórí ìwé tí mò ń máàkì, ọ̀gá wa sì bá mi níbẹ̀. Báyìí tí àláàmù bá ti dún, màá pa á ni, màá tún sùn. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba? Àti pé, ṣé kí n máa lo ewé àbí rọ́bà?"

Ọmọ mi, o pè mí ní mọ́mì, torí náà màá fi "ìwọ" bá ẹ sọ̀rọ̀, má bínú. Rárá, o kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ wo ló máa bó ẹ̀wà odindi kọ́ńgò lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọ̀sán pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí? Gbèsè lo jẹ. Oorun lo jẹ ní gbèsè, mi ò sì tíì rí ẹni tó jẹ oorun ní gbèsè tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Kò ní wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ bíi àwọn tó ń yáni lówó èlé, ibi iṣẹ́ ló máa bá ẹ, níwájú ọ̀gá ẹ, lórí ìwé àwọn ọmọ.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ìwọ náà ṣáà ni tíṣà. Láti aago 11 sí aago 4, wákàtí 5 nìyẹn. Ohun táwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun ń sọ ni pé ó yẹ kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7, ó kéré tán. Ó ku 2. Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, wákàtí 10 lo jẹ. Kí lo wá rí gbà? O jí ní 4, o jáde nílé ní 6:20, yọ ìwẹ̀ tìẹ, yọ ti àwọn ọmọ, yọ àdúrà, yọ ìgbà tó o kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí ò ń wo ògiri, tí wákàtí 1 àbọ̀ bá ṣẹ́ kù o ṣe gudugudu méje. Ìlọ́po 5, wákàtí 7 àbọ̀. O yá 10 kó o lè rí 7 àbọ̀, ta ló ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ owó ni, o ò ní gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gba gbogbo ayé níyànjú lórí fóònù ti sọ jíjí ní kùtù di oògùn owó. Mi ò bá wọn jà o, òwúrọ̀ dáa, ilé pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń pe "mọ́mì, ó gba bírò mi." Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jíjí nìkan ló ń sọni dolówó, àkùkọ ì bá ti kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó ń gbé Ìkòròdú àti Mowe tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Island l'Ékòó, ọ̀pọ̀ wọn ni aago 5 ti ń bá nínú bọ́ọ̀sì, kì í ṣe pé wọ́n ń wá ọrọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni wọ́n ń sá fún. Ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkóríta yín, aago mélòó lo rò pé ó jí? Ohun tó ń mówó wọlé fún un ni pé àsìkò táwọn èèyàn fẹ́ jẹ àkàrà ló mọ̀, ó sì mọ iye ìṣẹ́jú tí gbogbo nǹkan máa gbà á láti ìgbà tó ti rẹ ẹ̀wà.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọdún 11 ni mo fi se ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tà kí n tó fi iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, lọ́dún àkọ́kọ́ aago 3 àbọ̀ ni mò ń jí, mo sì ń fi yangàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n se 60 fún ìsọmọlórúkọ, aago 7 ni wọ́n máa wá gbé e. Mo pọ́n ọn tán, mo tò ó sínú ìkòkò, mo tan iná, mo ní kí n kàn fẹ̀yìn ti ògiri kí n gba atẹ́gùn díẹ̀. Òórùn ewé tó ń jó ló jí mi. Tó o bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí o ò ní gbàgbé, kò jọ ti oúnjẹ tó jóná, ó dà bíi ìgbà tí wọ́n ń sun igbó. Omi ti gbẹ tán, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti di èédú, àwọn tòkè jinná dáadáa ṣùgbọ́n èéfín ti wọ̀ wọ́n lára débi pé ajá gan-an máa kọ́kọ́ ronú kó tó jẹ ẹ́. Mo dá owó olówó padà, mo tún bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ojú tí mo là yẹn, oorun ṣì wà nínú ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe, nǹkan méjì ni. Ọ̀kan kéré, àwọn àgbà ló ni ín: mo máa ń ju kọ́ìnì sísàlẹ̀ ìkòkò kí n tó da omi sí i. Bí omi ṣe ń hó, kọ́ìnì á máa ró gbà-gbà-gbà-gbà, etí ẹ á ti mọ́ ọn, o lè máa wẹ ọmọ lọ. Tó bá dákẹ́, sáré, omi ti tán nìyẹn. (Fọ kọ́ìnì náà dáadáa ṣáájú o, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá.)

Ìkejì ló ṣe pàtàkì, òun ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà. Mo jókòó, mo sì já iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, mo wo èyí tó jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan la lè ṣe é. Wò ó. Ṣíṣa ẹ̀wà, kò sí ohun tó kan òwúrọ̀ níbẹ̀. Bíbó ẹ̀wà, òun ló ń jẹ àsìkò jù, tí mo bá dá a ṣe kọ́ńgò kan máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 40, kò sì sí ìdí kankan tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdájí. Bó o lọ́jọ́ Sátidé, ṣàn án dáadáa, pín in sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó o kó o sínú fíríìsà. Tí iná àdúgbò yín ò bá dúró, sá ẹ̀wà bíbó yẹn gbẹ nínú oòrùn kó gbẹ kanran, á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Lílọ̀ ńkọ́? Ọlọ́lọ kankan ò ṣí ní aago 4, tó o bá sì tan blẹ́ńdà nígbà yẹn, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé máa bá ẹ sọ ọ́, wọ́n á sì jàre. Torí náà ìrọ̀lẹ́ ni, bó o bá ṣe ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ẹ̀wà lílọ̀ tó bá sùn síta nínú ooru tiwa yìí á kan ni, kò sí àní-àní. Inú fíríìjì ni kó sùn, tàbí inú kúlà tó ní áìsì dáadáa, má sì tíì po nǹkan kan mọ́ ọn. Ata àti àlùbọ́sà, lọ̀ wọ́n sínú ike tiwọn lọ́tọ̀. Ẹyin, sè é lálẹ́, bó o lálẹ́, kí òun náà sùn sínú fíríìjì. Edé, lọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan.

Kí ló wá kù fún òwúrọ̀? Pípò pọ̀, pípọ́n, àti sísè. Pípò, ìṣẹ́jú 5. Pípọ́n 40, tí ọwọ́ ẹ bá ti yá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Sísè, ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan, tìẹ kọ́ nìyẹn, ti gáàsì ni, kọ́ìnì ń bá ẹ ṣọ́ ọ. Ìwọ ń wẹ, àwọn ọmọ ń wẹ, mọ́ínmọ́ín ń jinná. Ṣírò ẹ̀: tó o bá jí ní 4:30, tó o bọ́jú, tó o fi máa di 5:15 ó ti wà lórí iná, kí 6:15 tó lù ó ti wà nínú kúlà. Aago 4 tó ń pa ẹ́ lójú yẹn, iṣẹ́ Sátidé lò ń fi ṣe.

Ó wá ku alẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ẹ wà. Tó o bá máa jí ní 4:30 kó o sì ti sùn fún wákàtí 7, aago 9 àbọ̀ ni orí ẹ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìrọ̀rí. Mo ti gbọ́ ẹ, o ti ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Láti 9:30 sí 11, kí lo máa ń ṣe gan-an? Mi ò sọ pé kó o dá mi lóhùn, dá ara ẹ lóhùn. Èmi mọ ohun tí èmi ń ṣe: lẹ́sìn nóòtì kọ́ o, mi ò kì í ṣe tíṣà, fíìmù ni, tí fíìmù bá tán màá kàn máa wo fóònù, sítátọ́ọ̀sì ẹni tí mi ò rí láti ọdún 3. Wákàtí 1 àbọ̀ tí mò ń fi àláàmù wá kiri ní ìdájí, orí àga ní pálọ̀ ló wà lálẹ́. Tó bá jẹ́ lẹ́sìn nóòtì ló ń gba ti ẹ, kọ ọ́ síbi iṣẹ́ lákòókò tí o ò ní kíláàsì, àbí ní ọ̀sán Sunday. Tó bá jẹ́ kọ́sítọ́mà ló ń dà ẹ́ láàmú lórí WhatsApp, sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀la, kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni kó ti sọ. Wọ́n á kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rán ara wọn létí.

Tún wo obì. Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà máa ń jẹ ẹ́ kí ojú wọn lè là lọ́sàn-án. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ, òun náà ló wà nínú obì, lára ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá tó nǹkan bíi wákàtí 5 ìdajì ẹ̀ ṣì wà nínú ara. Obì aago 5 ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹ́ kó o máa ka pákó àjà ní aago 10. Tó bá ti kọjá ọ̀sán, fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ nǹkan bí 5:15 lo máa ń jí lọ́jọ́ tí o ò sè, má fò sí 4:30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fà á bíi ẹni ń fa omi kànga. Ọ̀sẹ̀ yìí, tètè sùn fún ìṣẹ́jú 15, tètè jí fún ìṣẹ́jú 15, dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 3 tàbí 4 kó o tó tún dín in. Láti ọwọ́ sísùn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọwọ́ jíjí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń bà á jẹ́ nìyẹn. Gbé fóònù tó ní àláàmù sí yàrá kejì, nítòsí ṣájà, kó o ní láti dìde kó o tó pa á. Bó o bá sì ti dìde, tan iná. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bóyá òjò ni bóyá ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn kì í yọ kí aago 6 tó lù, nítorí náà ní 4:30 ara ẹ ṣì gbà pé òru ni, kì í ṣe bíi àwọn ará London tí ilẹ̀ ti ń mọ́ wọn kí aago 5 tó lù lóṣù June. Tí kò bá síná, lo àtùpà oníbátìrì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, má fi tọ́ọ̀ṣì fóònù pọ́n mọ́ínmọ́ín. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó o bá jí, ọpọlọ ẹ ò tíì débẹ̀, má ka owó nígbà yẹn, má dá kọ́sítọ́mà lóhùn, má sì súnmọ́ epo gbígbóná. Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn máa fi puff-puff bẹ̀rẹ̀, ìdí tí mi ò fi kì í gbà wọ́n níyànjú nìyẹn.

Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Méjì. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú ẹ. Tuesday àti Thursday, kó o ṣe é fún oṣù kan. Wọ́n á mọ̀ pé Tuesday ni ọjọ́ mọ́ínmọ́ín, wọ́n á dúró dè é, kò ní ṣẹ́ kù sí ẹ lọ́wọ́. Èyí tó o ń sè ní ojoojúmọ́ yẹn, mo fẹ́ mọ iye tó ń ṣẹ́ kù tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ń jẹ lálẹ́. Lọ́jọ́ tí o ò sè, jí ní 5 tàbí 5:15, kí ìyàtọ̀ má ju wákàtí kan lọ, ara ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Tí oṣù kan bá pé, yọ owó ẹ̀wà, epo, ẹyin, edé, ewé, gáàsì, ọlọ́lọ àti ọkọ̀ tó gbé ẹ lọ Bódìjà kúrò nínú owó tó wọlé, kó o wá fi wákàtí tó o lò pín ohun tó ṣẹ́ kù. Ká ní ₦6,000 ló ṣẹ́ kù lórí wákàtí 4, ₦1,500 ni wákàtí kan ẹ. Tí lẹ́sìn ilé bá ń mú jùyẹn wá fún ẹ, tíṣà ṣáà ni ẹ́, kí lò ń bá mọ́ínmọ́ín fà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí o ò kọ sínú lẹ́tà ẹ, èmi ni mo kíyè sí i. O dárúkọ àwọn ọmọ, o dárúkọ ọ̀gá, o dárúkọ aládùúgbò, o ò dárúkọ bàbá wọn. Tó bá wà nílé, ta ló ń wẹ àwọn ọmọ láàárọ̀? Mi ò ní kó o bá a jà. Lọ́jọ́ tí mo fi ìwé ìṣirò owó han ọkọ tèmi, tó rí i pé owó mọ́ínmọ́ín ló san owó ilé ìwé ọmọ kan, ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ wọ́n láṣọ, kò sẹ́ni tó rán an. Ó ń jó wọn níná díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń lọ̀ ọ́.

Kí n sáré sọ ti ewu. Gáàsì, ṣí fèrèsé kó o tó tan án, má gbé sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn ọmọ ń sùn. Èédú àti jẹnẹrétọ̀, ìta ni, ìta pátápátá, kì í ṣe kọ́rídọ̀ tí wọ́n ti tì torí olè, èéfín wọn ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Sọ fún ọ̀gá yín pé ò ń ta nǹkan kí ẹlòmíì tó sọ fún un, pàápàá lẹ́yìn èyí tó ti rí yẹn. Tó bá jẹ́ pé o sùn wákàtí 7, 8 fún bí oṣù kan tó ṣì ń rẹ̀ ẹ́ bákan náà, àbí tí wọ́n ní ò ń han-un lójú oorun bíi ẹ̀rọ ìlọta, ilé ìwòsàn ni kó o lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ ewé àti rọ́bà tó o bi mí. Rọ́bà tó ní ìdérí tó lè gba ooru, ó yá ju ewé lọ fíìfíì, o kàn ń bu ẹ̀wà sí i ni, 40 ò gba ìṣẹ́jú 10, ìdajì wákàtí tó o ń fi pọ́n ewé ti dín sí ìdámẹ́ta. Ìyẹn nìkan lè sún jíjí ẹ dé nǹkan bí aago 5 kù díẹ̀. Ọ̀rá, mi ò fẹ́ ẹ lórí iná rárá. Tó o bá fẹ́ràn oorun ẹ, rọ́bà ni kó o lò láàárín ọ̀sẹ̀, kó o fi ewé sílẹ̀ fún àwọn tó bá pè ẹ́ fún òde lọ́jọ́ Sátidé, kó o sì gba owó ewé lọ́wọ́ wọn. Èmi ò kì í fi ewé sílẹ̀ ní tèmi. Mo máa ń ká méjì léra bíi fọ́nẹ́ẹ̀lì, màá ṣẹ́ ìdí ẹ̀ sẹ́yìn, màá bu ẹ̀wà sí i, màá ṣẹ́ ẹnu ẹ̀, igi ìdí ewé ni mo sì máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò, lórí kọ́ìnì. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó máa ń dúró sí géètì láàárọ̀ Thursday pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, kò pè mí rí lórí fóònù, ó ní òórùn ewé ló máa ń pe òun.